Egbò ti jinná, kí ló dé tí nááfù ò dákẹ́?

Físíò_Rẹ́mọ

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ìbéèrè yìí kan gbogbo ẹni tó ń tọ́jú aláìsàn láti Ṣàgámù títí dé Ìjẹ̀bú-Òde. Ọlọ́kadà ṣubú lójú ọ̀nà márosẹ̀, wọ́n rán egbò, eegun so, X-ray ò fi àléébù kankan hàn. Oṣù mẹ́ta, oṣù mẹ́fà, ẹsẹ̀ ṣì ń jó o lálẹ́. Aṣọ ìbora kàn án, ó ta gìrì. Paracetamol ò ràn án, diclofenac ò ràn án. Tó bá yá, ẹnu ilé ò ní í kò mọ́: àwọn kan á ní ó ń díbọ́n, àwọn kan á ní ọwọ́ ayé ni.

Pé nááfù ló fara pa, ìyẹn ti yé wa. Ohun tí mo fẹ́ ká tú palẹ̀ ni àwọn mólékù tó ń jẹ́ iṣẹ́ ìrora náà. Èwo ló kọ́kọ́ ń jáde? Èwo ló ń pẹ́? Níbo ni wọ́n wà, kí sì ni ìyẹn yí padà nínú ìtọ́jú? Ẹni tó bá máa dáhùn, ẹ bá wa fi iye àti ọjọ́ sí i.

Ọmọ_Alárè

Ẹ kú ìbéèrè, ẹ̀gbọ́n. Ẹ jẹ́ n bẹ̀rẹ̀ láti ojú ibi tí nááfù ti já.

Apá tó wà nísàlẹ̀ ibẹ̀ ò ní í yè. Augustus Waller ti rí ìyẹn lára nááfù ahọ́n àkèré ní 1850. Ohun tí wọ́n wá mọ̀ lẹ́yìn náà ni pé apá yẹn kì í kàn kú lásán, òun fúnra ẹ̀ ló ń pa ara ẹ̀. Purotéènì kan tó ń jẹ́ NMNAT2 máa ń ti inú sẹ́ẹ̀lì wá déédéé. Tí ọ̀nà bá gé, ó máa tán láàárín wákàtí díẹ̀, SARM1 á wá jí, á sì bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ NAD⁺ tí nááfù fi ń rí agbára. Irú eku kan wà tí wọ́n ń pè ní Wldˢ: nááfù ẹ̀ tó já lè tó ọ̀sẹ̀ méjì kó tó fọ́, ìrora ẹ̀ náà sì máa ń pẹ́ dé. Nítorí náà, fífọ́ yẹn gan-an wà lára ohun tó ń bí ìrora.

Láàárín ọjọ́ kan, àwọn sẹ́ẹ̀lì Schwann tó wé mọ́ nááfù á pa iṣẹ́ máyẹ́lìnì, ìyẹn ọ̀rá tó bo nááfù, tì, wọ́n á máa tú TNF-α, IL-1β, IL-6 àti CCL2 síta, àwọn mólékù tí sẹ́ẹ̀lì fi ń pe ara wọn nígbà tí ara bá wú. CCL2 ló ń ké sí makiróféèjì, àwọn sẹ́ẹ̀lì agbálẹ̀ inú ẹ̀jẹ̀. Ní nǹkan bí ọjọ́ kejì sí ìkẹta wọ́n á ti máa ya dé, wọ́n á máa kó pàǹtí, wọ́n á sì tú TNF-α àti IL-1β tiwọn kún un. Ẹ má pè wọ́n lọ́tàá o. Láìsí wọn, ọ̀nà ò ní í mọ́ fún nááfù tuntun láti hù. Ìgbà tí wọn ò bá kógbá wọlé ni wàhálà dé.

Lẹ́yìn ìyẹn ló kan NGF, mólékù tó ń mú nááfù dàgbà, èyí tí Rita Levi-Montalcini rí, tó sì gba Nobel lórí ẹ̀ pẹ̀lú Stanley Cohen ní 1986. NGF máa ń so mọ́ TrkA, ohun tó ń gbà á lára nááfù ìrora, wọ́n á gbé àwọn méjèèjì gba inú nááfù lọ sókè dé DRG, ìyẹn kókó tí àwọn sẹ́ẹ̀lì nááfù kóra jọ sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀pá ẹ̀yìn. Ibẹ̀ ni àṣẹ ti máa jáde pé kí wọ́n ṣe TRPV1 (ẹnu-ọ̀nà tí ooru ń ṣí), Nav1.8 (ihò sódíọ̀mù), substance P àti CGRP (mólékù tó ń gbé ìròyìn ìrora) sí i. Ìrìn yìí gba ọjọ́, kò dà bíi ti TNF-α. Ìdí nìyẹn tí ìrora nááfù fi lè máa le sí i lọ́sẹ̀ kejì nígbà tí egbò ń jinná.

Nọ́ọ̀sì_Ìkẹ́nnẹ́

Dókítà, ẹ ṣé. TRPV1 tí ẹ dárúkọ yìí, ṣé òun náà kọ́ ni ata ń kàn?

Ọmọ_Alárè

Òun náà ni, Mà. Capsaicin inú ata ni David Julius fi wá a rí ní 1997, òun àti Ardem Patapoutian ló pín Nobel 2021. Lára tó dá, TRPV1 máa ń ṣí tí ooru bá kọjá nǹkan bíi 43°C. Ṣùgbọ́n tí NGF bá ti wà níbẹ̀, tí ásíìdì sì wà nínú ara tó wú, ààlà yẹn á já wálẹ̀ débi pé ooru ara lásán, 37°C, lè ṣí i. Aláìsàn tó ní “ẹsẹ̀ mi ń jó bí ẹni fi ata rodo pa á” kò ṣàsọdùn rárá.

Lábù_Ìlíṣàn

Dókítà ti ṣe ti ìsàlẹ̀. Mo fẹ́ mú wa lọ sínú mùdùnmúdùn ọ̀pá ẹ̀yìn, torí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti ń di èyí tó ń pẹ́.

Nááfù tó fara pa máa ń rọ́ glutamate, mólékù tó ń ta sẹ́ẹ̀lì jí, dà sórí sẹ́ẹ̀lì tó gbà á lálejò. Ẹnu-ọ̀nà NMDA wà níbẹ̀ tí mànẹ́síọ́ọ̀mù dí pa. Bí glutamate àti substance P bá ń dà léraléra, iná sẹ́ẹ̀lì á gòkè, mànẹ́síọ́ọ̀mù á bọ́, kálíṣíọ́ọ̀mù á wọlé, sẹ́ẹ̀lì náà á sì kọ́ bí wọ́n ṣe ń pariwo. Clifford Woolf ló fi hàn ní 1983 pé ọ̀pá ẹ̀yìn fúnra ẹ̀ ń yí padà lẹ́yìn ìpalára, pé kì í ṣe ojú egbò nìkan.

Èkejì ni makírógílíà, àwọn sẹ́ẹ̀lì ẹ̀ṣọ́ inú ọ̀pá ẹ̀yìn. Nááfù tó fara pa ń ṣe mólékù kan tó ń jẹ́ CSF1, ó ń fi ránṣẹ́ sí wọn (ọdún 2016 ni ìyẹn hàn gbangba). Wọ́n á pọ̀ sí i, wọ́n á gbé P2X4 síta, ẹnu-ọ̀nà kan tí ATP máa ń ṣí. Ìwádìí P2X4 jáde ní 2003. Ní 2005 wọ́n so ó pọ̀ mọ́ BDNF, mólékù tó ń mú nááfù dàgbà bíi NGF: makírógílíà tí ATP ta jí á tú BDNF, BDNF á so mọ́ TrkB lára sẹ́ẹ̀lì ọ̀pá ẹ̀yìn, KCC2 á sì dínkù. KCC2 yìí ló ń fa klóráìdì jáde nínú sẹ́ẹ̀lì. Tí kò bá sí mọ́, klóráìdì á kún inú, GABA tó yẹ kó pa sẹ́ẹ̀lì náà lẹ́nu mọ́ ò ní í rí i ṣe, ó tilẹ̀ lè ta á jí. Bí ìgbà tí awakọ̀ tẹ bíréèkì tí mọ́tò tún yára sí i ni. Aṣọ ìbora tó kan ẹsẹ̀ tí aláìsàn fò, níbí ló ti wá: nááfù ìfọwọ́kàn ló mú ìròyìn wá, ọ̀nà ìrora ló gbà kọjá.

Ọmọ_Alárè

Ó dáa bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ fi ọ̀rọ̀ kan kún un. Eku akọ ni ọ̀pọ̀ nínú ìwádìí makírógílíà yẹn lò. Ní 2015 wọ́n dán an wò lára eku abo: wọ́n dí ọ̀nà makírógílíà, ìrora ò lọ. Ẹ̀rí wà pé T-cell, sẹ́ẹ̀lì ẹ̀ṣọ́ inú ẹ̀jẹ̀, ló ń ṣe iṣẹ́ náà lára wọn. Ẹni tó bá kọ ọ́ sínú ìwé pé “makírógílíà ló ń fa ìrora tí kò lọ” láìsọ akọ tàbí abo, ìdajì ọ̀rọ̀ ló sọ.

Lábù_Ìlíṣàn

Mo gbà, ẹ̀gbọ́n. Iye tó pọ̀ jù nínú àwọn tó ń wá sí kílíníìkì pẹ̀lú ìrora tó ti pẹ́ ló jẹ́ obìnrin, ìyẹn gan-an ló mú kó burú.

Apòògùn_Òde

Ẹ jẹ́ kí n gbé e wá sórí káńtà.

Diclofenac àti ibuprofen, COX ni wọ́n ń dí, ẹ́ńsáìmù tó ń ṣe prostaglandin, wọ́n ń dín prostaglandin tó ń mú ara wú kù. Ọjọ́ àkọ́kọ́ nìyẹn wúlò, nígbà tí ara wú. Lóṣù kẹta, ohun tó ń ṣiṣẹ́ ni ihò sódíọ̀mù, α2δ-1, NMDA àti GABA tí kò lágbára mọ́. Diclofenac ò kan ìkankan nínú wọn. Ẹni tó ń gún un lójoojúmọ́ ń fi kídìnrín àti ikùn ṣòwò, kò sì ní í jèrè.

Gabapentin àti pregabalin: orúkọ GABA wà nínú wọn, ṣùgbọ́n wọn ò kan GABA rárá. α2δ-1 ni wọ́n so mọ́, apá kan lára ẹnu-ọ̀nà kálíṣíọ́ọ̀mù tó máa ń pọ̀ gan-an nínú DRG lẹ́yìn tí nááfù bá fara pa. Wọ́n ń dín iye tó ń dé ẹnu nááfù kù, glutamate tó ń dà sílẹ̀ á sì dínkù. Gabapentin: 300 mg lálẹ́ ọjọ́ kìíní, lẹ́ẹ̀mejì lọ́jọ́ kejì, lẹ́ẹ̀mẹta lọ́jọ́ kẹta, lẹ́yìn náà ẹ máa gbé e sókè díẹ̀díẹ̀ dé 1800 mg lójúmọ́. Àwọn kan á nílò tó 3600 mg. Fún àgbàlagbà, ẹ rọra ju báyìí lọ, kó má baà ṣubú nílé ìwẹ̀. Pregabalin: 75 mg lẹ́ẹ̀mejì, kó lọ sí 150 mg lẹ́ẹ̀mejì.

Ibi tí ó ti ń bàjẹ́ rèé. Wọ́n kọ 300 mg ẹ̀ẹ̀kan lójúmọ́ fún ọjọ́ méje, aláìsàn ní òun ò rí nǹkan kan, wọ́n ní oògùn ò ṣiṣẹ́. Iye yẹn ò tíì dé ibi tí ó ti ń ṣiṣẹ́. Àwọn míì ń lò ó bíi paracetamol, ọjọ́ tó bá dùn wọ́n nìkan. Àwọn míì ń gbé e mu pọ̀ mọ́ oògùn inú kíkan tó ní alumíníọ́ọ̀mù àti mànẹ́síọ́ọ̀mù, bíi ìdá 20 nínú 100 ò sì ní í wọ inú ẹ̀jẹ̀. Ẹ jẹ́ kí wákàtí méjì wà láàárín wọn. Kídìnrín ló ń gbé e jáde pátápátá: tí agbára ìsẹ́ kídìnrín bá wà láàárín 30 sí 59 mL/min, 400 sí 1400 mg lójúmọ́ ni, ẹ pín in sí méjì, 15 sí 29, 200 sí 700 mg lẹ́ẹ̀kan. Tí ẹ bá fẹ́ dá a dúró, ó kéré tán ọ̀sẹ̀ kan ni kí ẹ fi máa dín in kù.

Amitriptyline ni kò wọ́n jù, mi ò sì ní í fojú kéré ẹ̀. Nínú àtúpalẹ̀ ńlá tó jáde ní 2015, ẹni 3.6 péré ni wọ́n ní láti fún ní irú oògùn yìí kí ẹnì kan tó rí ìdajì ìrora ẹ̀ lọ. Ti gabapentin jẹ́ 6.3, ti pregabalin 7.7, ti duloxetine àti irú ẹ̀ 6.4. Ìwádìí orí amitriptyline kéré, wọ́n sì ti pẹ́, nítorí náà ẹ má fi 3.6 yẹn búra. Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 10 tàbí 12.5 mg, wákàtí méjì kó tó sùn, kí ẹ gbé e sókè lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ dé 25, 50, títí dé 75. Bàbá tí ìtọ̀ ń dí, ẹni tí ojú ẹ̀ ní glaucoma, ẹni tí ọkàn ẹ̀ ń lù ségesège: ẹ má fún wọn.

Ẹni tó bá ń mu tramadol lábẹ́lẹ̀ tí ẹ tún fún ní amitriptyline, gìrì lè gbé e, serotonin sì lè kún ara ẹ̀ lákùnwọ́sílẹ̀. Ẹ bi í léèrè kí ẹ tó kọ̀wé, ẹ má bi í níwájú ẹbí.

Nọ́ọ̀sì_Ìkẹ́nnẹ́

Ẹ kú iṣẹ́, Apòògùn. Ata wá ńkọ́? Mo rí àwọn tó ń lọ ata rodo mọ́ òróró, wọ́n fi ń pa ẹsẹ̀.

Apòògùn_Òde

Ẹ bá wa dá wọn dúró, Mà. Capsaicin tí ilé ìwòsàn ń lò, ìwọ̀n ẹ̀ wà ní kíkọ: ìpara 0.075% lẹ́ẹ̀mẹta sí ẹ̀mẹrin lójúmọ́, tàbí pátíìsì 8% tí wọ́n ń lẹ̀ fún 60 ìṣẹ́jú (30 ìṣẹ́jú tó bá jẹ́ àtẹ́lẹsẹ̀), tí ẹ̀ẹ̀kan á sì tó oṣù mẹ́ta. Pátíìsì yẹn máa ń tẹ TRPV1 débi pé ẹnu nááfù inú awọ á rọ sẹ́yìn fúngbà díẹ̀. Ata ilé ò ní ìwọ̀n. Ẹsẹ̀ alátọ̀gbẹ tí kò mọ̀ pé ó ń jóná á bó, egbò á sì dé.

Nọ́ọ̀sì_Ìkẹ́nnẹ́

Ó dáa. Ẹ jẹ́ kí èmi náà sọ èyí tí kò kan ọ̀kadà rárá, tí àwa fúnra wa ń fà: abẹ́rẹ́ bèbè ìdí. Nááfù sciatic gba ibẹ̀ kọjá. Ọmọdé gba abẹ́rẹ́ ibà nílé kẹ́míìsì, ó kígbe, ẹsẹ̀ ò gbé mọ́ lọ́jọ́ kejì, àtẹ́lẹsẹ̀ ń wọ́ nílẹ̀. Ṣóńṣó abẹ́rẹ́ ń gún nááfù, oògùn fúnra ẹ̀ sì ń jó o: quinine àti diclofenac wà lára èyí tó burú jù tó bá wọ inú ìdì nááfù.

Ọmọ tí kò tíì pé ọdún mẹ́ta, iwájú ìta itan ni: ẹ pín àárín ìbàdí sí orúnkún sí mẹ́ta, ìdá àárín ni abẹ́rẹ́ ń lọ. Àgbàlagbà, ẹ̀gbẹ́ ìbàdí. Ẹ gbé àtẹ́lẹwọ́ lé eegun tó yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìbàdí lókè itan, ìka ìfábẹ̀lá lórí góńgó eegun ìbàdí iwájú, ìka àárín kó tàn sẹ́yìn lórí etí ìbàdí. Àlàfo tó là láàárín ìka méjèèjì ni ojú ibi tí abẹ́rẹ́ ń lọ. Ibẹ̀ ò ní nááfù ńlá. Tí aláìsàn bá sọ pé ó ta lọ sí ẹsẹ̀ bí iná, ẹ yọ ọ́ lójú ẹsẹ̀, ẹ má fi oògùn tì í wọlé. Bí oògùn ẹnu bá tó, kí ni abẹ́rẹ́ ń wá?

Físíò_Rẹ́mọ

Màmá ti sọ òótọ́ ọ̀rọ̀. Irú ọmọ bẹ́ẹ̀, ẹ gbé e wá lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́: a ó fi splint gbé àtẹ́lẹsẹ̀ dúró ní 90°, kí iṣan ẹ̀yìn ojúgun má ká. Ẹ má rán an lọ fún àyẹ̀wò iná nááfù lọ́jọ́ kẹta, owó á ṣòfò. Nítorí ohun tí Dókítà sọ nípa Waller, apá ìsàlẹ̀ ṣì lè gbé iná kọjá fún ọjọ́ díẹ̀ lẹ́yìn tó já. Iná ti ìṣípòdà ń pòórá ní bíi ọjọ́ keje, ti ìmọ̀lára ní bíi ọjọ́ kẹwàá. Ọ̀sẹ̀ kẹta sí ìkẹrin ló ń sọ òdodo.

Nááfù ń hù ní nǹkan bí 1 mm lójúmọ́. Ẹ fi ìka kan ojú ọ̀nà ẹ̀ kọ́-kọ́-kọ́ láti ìsàlẹ̀ lọ sókè. Ibi tí ìpajápajá ti ń ta lọ sí àtẹ́lẹsẹ̀ ni orí ẹ̀ dé. Ẹ fi báírò sàmì sí i, ẹ kọ iye sẹ̀ǹtímítà sínú fáìlì, ẹ padà wọ̀n ọ́n lóṣù tó ń bọ̀. Bí kò bá rìn rárá láti oṣù mẹ́ta, ẹ wá oníṣẹ́ abẹ nááfù.

Akẹ́kọ̀ọ́_Ìsarà

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ̀yin àgbà. Mo fẹ́ ṣe CCI (fífi okùn so nááfù kó lè fara pa) lára eku fún MSc, kí n wọn TNF-α àti BDNF. Kí ni ohun tó máa ń bà á jẹ́?

Lábù_Ìlíṣàn

Àbúrò, o káre. Ìlànà Bennett àti Xie (1988): ààrin itan, ṣí nááfù sciatic, okùn chromic gut 4-0 mẹ́rin, 1 mm láàárín wọn, fà á títí tí yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ fún un, kó dúró níbẹ̀. Ìfàjù ni àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù. Tó bá fún jù, ẹsẹ̀ á kú, eku á máa jẹ ìka ẹsẹ̀ ara ẹ̀, o ò sì ní í rí ìrora ìfọwọ́kàn kankan wọ̀n. Àwọn tí a ṣí nááfù wọn láì so okùn gbọ́dọ̀ wà nínú ìdì tiwọn.

Oògùn ìsùn: ketamine ló pọ̀ lọ́wọ́ wa, ṣùgbọ́n NMDA ni ketamine ń dí, ó sì wà lójú ọ̀nà ìrora tí o fẹ́ wọ̀n gan-an. Tí o bá rí isoflurane, lò ó. Tí o ò bá rí i, gbogbo ìdì ló gbọ́dọ̀ gba iye ketamine kan náà. Má fún wọn ní minocycline tàbí doxycycline lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, wọ́n ń pa makírógílíà lẹ́nu mọ́.

Von Frey (okùn tín-ínrín tí a fi ń tẹ àtẹ́lẹsẹ̀ láti wọn ìrora ìfọwọ́kàn): jẹ́ kí eku jókòó lórí àpótí onírin tó lójú fún 30 ìṣẹ́jú kí ó tó fara balẹ̀. Lo àwọn okùn 0.4 sí 15 g, bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 2 g, máa lọ sókè sódò. Wọ̀n kí o tó ṣiṣẹ́ abẹ, lẹ́yìn náà ọjọ́ 3, 7 àti 14. Ẹni tó ń wọ̀n ọ́n ò gbọdọ̀ mọ ìdì tí eku wà.

Ọjọ́ tí o máa gé ló ṣe pàtàkì jù. TNF-α tètè ń jáde. Tó bá jẹ́ ọjọ́ 21 nìkan lo mú, o lè má rí i, wàá sì kọ ọ́ pé kò sí. Mú ọjọ́ 1, 3, 7 àti 14, fún DRG L4 àti L5 àti ìdajì ọ̀pá ẹ̀yìn apá ibi tó fara pa. Ẹ̀jẹ̀ inú apá ò lè ṣojú fún wọn. Ojú ẹsẹ̀ ni kí o gbé e sínú náítírójìn olómi, lẹ́yìn náà -80°C. Bí iná bá ti ń ṣe ségesège, kó ẹran ara tí o fẹ́ yọ RNA nínú ẹ̀ sínú RNAlater, omi tó ń pa RNA mọ́, kí o tó ronú nípa fíríìsà. Kí o tó kan eku kankan, ìwé àṣẹ ìgbìmọ̀ ìwà ọmọlúwàbí iwádìí ló kọ́kọ́ yẹ kó wà lọ́wọ́.

Ọmọ_Alárè

Ẹ jẹ́ n fi ìlú Òsósà sí i, nítorí ilé wa ni. Ẹsẹ̀ jíjó kì í ṣe ti ìpalára nìkan. Ìwádìí ilé-dé-ilé tó jáde ní 2000 rí àìsàn nááfù tí wọ́n ń pè ní tropical ataxic neuropathy lára nǹkan bí 6 nínú 100 ní ìlú yẹn, wọ́n sì fura sí sáyánáìdì inú ẹ̀gẹ́, ẹjọ́ náà ò sì tíì parí. Ẹ má fi gàrí ṣèdájọ́ kíá. Kí ẹ tó pè é ní ìrora tí kò lọ, ẹ wo ṣúgà, HIV, ọtí, vitamin B12 fún ẹni tó ti ń mu metformin láti ọdún pípẹ́, àti isoniazid láìsí pyridoxine. Ti ṣúgà ní mólékù tiẹ̀: methylglyoxal, tó ń pọ̀ nígbà tí ṣúgà bá ga, ń kan Nav1.8, ó sì ń mú kí nááfù máa ta. Ìwádìí 2012 ló fi hàn.

Físíò_Rẹ́mọ

Àwọn oògùn tuntun tó ń dí Nav ńkọ́? Àti àwọn tó ń kó NGF?

Apòògùn_Òde

Tanezumab ń kó NGF, ó dín ìrora kù, ṣùgbọ́n oríkèé àwọn kan ń tètè bàjẹ́. Ní 2021 ìgbìmọ̀ FDA, àjọ tó ń ṣàkóso oògùn ní Amẹ́ríkà, dìbò 19 sí 1 takò ó, Pfizer sì jáwọ́. Suzetrigine ń dí Nav1.8. FDA fọwọ́ sí i ní January 2025, fún ìrora tí kò tíì pẹ́ ni, kì í ṣe fún nááfù tó ti ń jó láti oṣù mẹ́fà. Ẹ má ta á bí idán fún aláìsàn.

Nọ́ọ̀sì_Ìkẹ́nnẹ́

Ẹ jọ̀wọ́, kí ni mo lè lò nílé ìwòsàn kékeré láti mọ̀ pé ti nááfù ni?

Físíò_Rẹ́mọ

DN4, Màmá. Ìbéèrè méje, ìyẹ̀wò mẹ́ta, ọ̀kọ̀ọ̀kan ní 1. Ẹ bi í: ṣé ó ń jó? Ṣé òtútù tó ń dunni ni? Ṣé ó ń ta bí iná mànàmáná? Ṣé ó ń rìn bí eèrà? Ṣé ó ń gún bí abẹ́rẹ́? Ṣé ó kú? Ṣé ó ń yún? Lẹ́yìn náà, ẹ fi owú kan ojú ibẹ̀ àti ibi tó dá ní ẹ̀gbẹ́ kejì, ẹ fi ṣóńṣó pín-ìnnì gún un díẹ̀, ẹ wá fi búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ gbá a. Tí kò mọ owú, tí kò mọ pín-ìnnì, tàbí tí búrọ́ọ̀ṣì dùn ún, ẹ fún un ní 1. Tó bá tó 4, ẹ kọ ọ́ sókè fáìlì kí dókítà tó tún gbé diclofenac.